Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn: Láti Òkè Mápó dé Agodi

Kí ìjọba aṣojú tó dé Ìbàdàn ni ìlú náà ti ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, nítorí pé Baálẹ̀, tí wọ́n sọ oyè rẹ̀ di Olúbàdàn ní ọdún 1936, kì í dá pinnu ọ̀rọ̀ ìlú láìjẹ́ pé àwọn ìjòyè ìlà àgbà àti ti ìlà Balógun fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1897 ni ìjọba òyìnbó sọ àpérò àwọn ìjòyè yìí di ìgbìmọ̀ ìlú, nígbà tí ó sì di 1929, wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè tí ó kọjú sí Ọjàába àti Bẹẹrẹ, tí ó di ojúkò ìṣàkóso ìlú.

Àṣẹ gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kò sí ní Mápó. Òfin ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Gómìnà Richards, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, ni ó kọ́kọ́ fún ẹkùn náà ní ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni iṣẹ́ ilé náà nígbà náà, títí di ìgbà tí òfin ìpìlẹ̀ Macpherson ti 1951 fún un ní agbára láti ṣòfin. Ilé méjì ni ó wà lábẹ́ òfin yìí: Ilé Aṣòfin tí àwọn tí a dìbò yàn wà, àti Ilé Lọ́balọ́ba tí àwọn ọba àti ìjòyè wà. Àbádòfin, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ òfin tí a kò tíì fọwọ́ sí, ni àwọn aṣòfin ń kà, tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, kí ó tó di òfin. Ilé yìí ni ó ṣe òfin tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní 1955.

Ìbò 1951 ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé iye aṣojú tí a kà níbi ìbò lè yàtọ̀ sí iye tí a ó bá nínú ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn gba gbogbo ìjókòó mẹ́fà tí ó jẹ́ ti ìlú náà, ṣùgbọ́n márùn-ún nínú wọn bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ, Adégòkè Adélabú nìkan ni ó dúró ti Ẹgbẹ́ Alákùkọ tí ó ń bá Ọlọ́pẹ díje. Adélabú di alága ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní Mápó ní 1954, ó sì ń ṣe olórí àwọn alátakò nínú Ilé Aṣòfin nígbà tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Kẹta 1958.

Ní 1962, ìbéèrè tí ó le jù yọjú: ṣé àfi nínú ilé ni a ti lè ka iye aṣòfin? Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí yọ Pírẹ́míà S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn, nítorí ìwé tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, ó sì fi Dáúdà Adégbẹnrò sípò rẹ̀. Nígbà tí ilé péjọ ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn aṣòfin ń sọ àga lu ara wọn títí ọlọ́pàá fi fín tajútajú, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Nígbà tí Akíntọ́lá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìwé lásán kò tó, àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní London dá a sí òdìkejì ní 1963, ṣùgbọ́n kíá ni ilé tún òfin ìpìlẹ̀ ẹkùn ṣe kí ìdájọ́ náà má baà mú Akíntọ́lá, tí ó ti padà sípò, kúrò.

Ìbéèrè yìí tún padà wá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1976. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2006, aṣòfin 18 nínú 32, tí wọ́n ti jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì dípò gbọ̀ngàn ilé ní Agodi, kéde pé àwọn yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà, bẹ́ẹ̀ ni ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin ń béèrè kò lè dín ní 22. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Ládọjà padà sórí àga ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ni ó sì jẹ Olúbàdàn ní Mápó.

Ohun tí ìtàn yìí fi lélẹ̀ ni pé àṣẹ aṣòfin kò sí lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbà tí iye wọn bá pé, tí wọ́n sì jókòó níbi tí òfin ní kí wọ́n jókòó sí, ni ìpinnu wọn tó lè de ará ìlú.