Òkúta Tí Ń Kú Tí Ó Sì Ń Jí

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, òkúta ni a ń pe bátìrì nílé wa. Òkúta rédíò wà, òkúta tọ́ọ̀ṣì sì wà. Bàbá mi ní rédíò kan tí ń jẹ òkúta mẹ́rin. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, tí ẹni tí ń ka ìròyìn wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, bàbá mi yóò yọ òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò ní kí n lọ tò wọ́n sí orí páànù ilé ìdáná kí oòrùn lè pa wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, a óò kó wọn padà, rédíò yóò sì tún fọhùn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wọn yóò tún kú, a óò sì tún sá wọn. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, oòrùn kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Àwa ọmọdé yóò wá fọ́ wọn láti yọ ọ̀pá dúdú àárín wọn, tí a fi ń kọ̀wé sára ògiri.

Mo rò nígbà náà pé oòrùn ni ó ń fún òkúta ní iná. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síǹkì ni agolo irú òkúta yẹn, síǹkì yìí ni ó sì ń run díẹ̀díẹ̀ bí iná ti ń jáde. Ìsinmi àti ooru a máa jẹ́ kí agbára tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tún ta jí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n síǹkì tí ó ti run kì í padà. Ohun tí bàbá mi ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń fi òkèlè nu ìdí ìkòkò ọbẹ̀: ọbẹ̀ tuntun kọ́ ni ó sè.

Bẹ́ẹ̀, bátìrì tí ń jí ní tòótọ́ ti wà láyé kí òkúta bàbá mi tó dé. Ní 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, fi ìkéde síta nípa àkójọ pẹlẹbẹ irin oríṣi méjì tí ó tò léra, tí ó fi ohun tí a rì sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, tí iná sì ń ṣàn láti inú rẹ̀. Ní 1859, Gaston Planté, ará Faransé, ká pẹlẹbẹ òjé méjì pọ̀, ó rì wọ́n sínú ásíìdì, ó sì rí i pé bí iná inú rẹ̀ bá tán, a lè ti iná mìíràn padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní 1866, ni Georges Leclanché ṣe baba ńlá òkúta rédíò. Ní 1886 ni Carl Gassner ní Jámánì sì sọ ọ́ di gbígbẹ tí a lè gbé káàkiri. Ní 1899, Waldemar Jungner ní Sweden fi níkẹ́ẹ̀lì àti kádíọ́mù ṣe bátìrì mìíràn tí ń jí. Kí ni ó wá dé tí èyí tí kì í jí fi gba ilé wa? Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ní abúlé tí kò sí iná mànàmáná, kò sí ohun tí a óò fi jí èkejì.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó gbé bátìrì òjé wọ ààrin wa. Mo rántí àwọn tí ń so bátìrì mọ́tò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti oko wá sí ìlú, kí àwọn rìwáyà lè bá wọn fi iná sí i mọ́jú, kí wọ́n lè rí tẹlifíṣọ̀n wò lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà.

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ bátìrì gan-an nìyí: olúkúlùkù ni ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bátìrì òjé kì í fẹ́ kí ebi pa òun sùn. Bí a bá lò ó tán tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun funfun kan yóò dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Ti kádíọ́mù yàtọ̀. Òun lè wà ní òfìfo fún ìgbà pípẹ́ láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé bí a bá ń lò ó díẹ̀ tí a tún ń kún un, ní ọ̀nà kan náà léraléra, agbára rẹ̀ yóò dà bí ohun tí ó dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a máa lò ó tán kí a tó kún un.

Èmi fúnra mi ti san gbèsè àìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra fìtílà ńlá kan, irú èyí tí a ń kì bọ iná, tí yóò sì máa tàn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Níwọ̀n bí mo ti gbọ́ òfin kádíọ́mù, mo pàṣẹ fún àwọn ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kì í bọ iná àyàfi bí ó bá kú pátápátá. Kò pé oṣù mẹ́fà tí fìtílà fi di òkú. Mo bú ẹni tí ó tà á fún mi títí. Nígbà tí mo tú u wò, bátìrì òjé kékeré ni mo bá nínú rẹ̀. Òfin ilé kan ni mo gbé lọ sí ilé mìíràn.

Irú tí ó gba òde lónìí ni ti lítíọ́mù. Sony ni ó kọ́kọ́ gbé e wọ ọjà ní 1991. Ní 2019 ni a fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, òfin àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi kí i káàbọ̀: a ní kí ó wà lórí iná fún wákàtí gbọọrọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí a sì máa jẹ́ kí ó kú kí a tó kún un. Lítíọ́mù kò béèrè èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ooru ni ó kórìíra, àti kí a máa lò ó dé òfìfo nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá sá bátìrì fóònù sórí páànù bí bàbá mi ti sá tirẹ̀, iná ilé ni ó ń wá.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé èwo ni kí òun rà, ohun tí yóò fi ṣe ni n óò kọ́kọ́ béèrè. Aago ògiri àti rìmóòtù kì í jẹ iná púpọ̀. Òkúta lásán tó fún wọn. Rédíò, tọ́ọ̀ṣì àti ohun ìṣeré ọmọdé ni bátìrì tí ń jí yẹ fún. Èyí tí wọ́n kọ NiMH sí lára ni mo máa ń rà fún wọn: kò ní kádíọ́mù onímájèlé nínú, ó sì ń gba iná ju ti kádíọ́mù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fòyà pé fólítì 1.2 ni a kọ sí i dípò 1.5. Láti ìgbà tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òkúta lásán ni 1.5 tirẹ̀ ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n èyí a máa dúró ní àyíká 1.2 títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí a sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà ńlá. mAh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà. Èyí tí ó tó ìka ọwọ́, tí à ń pè ní AA, kì í sábà kọjá 2,700. Bí a bá rí NiMH AA tí a kọ 5,000 sí, irọ́ ni. A kò sì gbọdọ̀ ki òkúta lásán bọ ẹ̀rọ tí ń fi iná kún bátìrì, nítorí ó lè jò tàbí kí ó bẹ́.

Ṣùgbọ́n bátìrì tí ń jí náà yóò kú ikú àkúùjí lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ní Ògìjò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, àyẹ̀wò tí a gbé jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, tọmọdé tàgbà. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tí ó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà, gẹ́gẹ́ bí síǹkì òkúta bàbá mi kò ti padà. Nígbà tí àwa fọ́ òkúta nílé wa, a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ti mọ̀ lónìí kò ní àwáwí. Ẹ jẹ́ kí á mọ èèwọ̀ bátìrì kí á tó rà á, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí ó bá sì kú, kí á má ṣe dà á sí ààtàn, kí á má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ́ òjé rẹ̀ ní ibi tí ọmọdé ń gbé.