Omi, Ilé àti Ìlera Nínú Ìtàn Èkó

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ni ti àìsàn àti ibi tí ènìyàn ń gbé. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti rò pé bí dókítà bá ti wà, tí oògùn sì wà, ọ̀ràn ìlera ti parí. Ìtàn Èkó láti ọdún 1899 títí dé ìgbà òmìnira kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tí ènìyàn ń mu, irà tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, iye àwọn tí ń sùn nínú yàrá kan, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti ní kí ó kó kúrò níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pinnu ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ àìsàn, kí ó tó di pé a ń wá ẹni tí yóò wò ó sàn.

Ní ọdún 1899 ni William MacGregor dé Èkó gẹ́gẹ́ bí Gómìnà. Ará Scotland ni, iṣẹ́ ìṣègùn ni ó sì kọ́. Kò pẹ́ rárá sí ìgbà náà, ní ọdún 1897, tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjì ti ṣí sílẹ̀ níwájú ìjọba. Ọ̀kan ni pé kí a pa ẹ̀fọn, kí a dí irà, kí gbogbo ará ìlú sì jùmọ̀ jẹ àǹfààní rẹ̀. Èkejì ni ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà òyìnbó méjì, Stephens àti Christophers, mú wá ní ọdún 1900 lẹ́yìn ìwádìí wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ti rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, wọ́n ní kí àwọn òyìnbó kọ́ ilé tiwọn jìnnà sí àwọn ọmọ onílẹ̀. Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ tí kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, aláìsàn tí ó yẹ kí a wò ni. Nínú ìmọ̀ràn yẹn, ó di ewu tí ó yẹ kí a sá fún.

MacGregor kò gba ìmọ̀ràn náà. Ó dí irà, ó gbẹ́ ipa odò tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, èyí tí ó là láàrin Èkó àti Ìkòyí, ó sì ń pín oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní kuníìnì láìgba owó. Ní ọdún 1901, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ìlú kó ara wọn jọ láti ṣèrànwọ́; Charlotte Ọbásá wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n London ni àṣẹ gbogbo ti ń wá. Ní ọdún 1902, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, òfin rẹ̀ sì ni pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn omi dé. Omi òjò àti omi kànga ni Èkó ń mu, kànga ọ̀pọ̀ agboolé kò sì jìn sí ṣáláńgá. Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, ó sì fẹ́ kí ará ìlú máa san owó omi. Ní ọdún 1908, ìlú kọ̀. Àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún yẹn láti kọ ojú ìjà sí i ni John Randle àti Òrìṣàdípẹ̀ Ọbásá, dókítà sì ni àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí kíákíá lè sọ pé àìmọ̀kan ni. Báwo ni dókítà ṣe lè lòdì sí omi tí ó mọ́? Kì í ṣe omi ni wọ́n bá jà. Ìbéèrè ìlú ni pé: ta ni ó béèrè omi yìí, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Wọ́n ní òyìnbó ni kò lè mu omi kànga. Kí ẹni tí ó fẹ́ omi sanwó omi. Ó sì ní ohun mìíràn tí ó wúwo ju owó lọ. Ará Èkó kò ní aṣojú kankan tí wọ́n fi ìbò yàn sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin. Ọdún 1923 ni ìdìbò kọ́kọ́ wáyé, ọkùnrin tí ó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ni ó sì lè dìbò. Alágbàfọ̀ àti ìyá elẹ́kọ, tí wọ́n ń lo omi ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1915, omi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láti Ìjù, níbi tí ó lé ní máìlì 15 sí Èkó. Omi tí ó dára ni, kò sí àní-àní. Nígbà tí ìjọba wá béèrè owó rẹ̀ ní ọdún 1916, rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà People's Union ti rọ̀ ní ti wọn, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí kẹ̀yìn sí wọn; Herbert Macaulay àti àwọn ìjòyè onífìlà funfun ni ará ìlú ń tẹ̀ lé. Nínú ilé àwọn aláṣẹ, omi ń dé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń tò sídìí ẹ̀rọ ìta gbangba pẹ̀lú korobá.

Ní àkókò kan náà, ìmọ̀ràn tí MacGregor kọ̀ ti di ìlànà ìjọba. Ìkòyí di ibùgbé àwọn òyìnbó. Aláwọ̀ dúdú tí ń sùn níbẹ̀, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Ọdún 1947 ni ìjọba Gómìnà Arthur Richards tó kéde pé a kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ara pààlà mọ́ ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ní ọdún 1924, àrùn burúkú tí yọ̀rọ̀ ara eku ń gbé kó ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kúrò nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ibi tí ilé ti fún pọ̀, tí eku àti ènìyàn jọ ń pín oúnjẹ, ni ó ti ṣọṣẹ́ jù. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí ó máa wó ilé tí kò dára, kí ó sì máa tún ìlú ṣe.

Iṣẹ́ wíwó tí ó tóbi jù dé ní ọdún 1955. Nǹkan bíi éékà 70 ní àárín Èkó ni wọ́n sàmì sí. Wọ́n ní ibẹ̀ kò mọ́, òótọ́ sì ni; wọ́n tún ní kò bu iyì fún olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí òmìnira ń bọ̀ wá bá. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàrin wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, afẹ́fẹ́ ń wọlé, àyè sì wà. Ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ọkọ̀ wọ́n wọn lọ́rùn. Obìnrin tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Àgbàlagbà tí ìbátan rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ wá fún láti agboolé kejì wá jìnnà sí wọn, ìdílé sì tú ká. Owó tí à bá fi ra ẹran sí ọbẹ̀ ọmọ ni awakọ̀ ń gbà.

Iṣẹ́ náà kò parí. Apá kan nínú ibi tí wọ́n sàmì sí kò wó rárá, àwọn onílé tí ilé wọn wó kò sì lè fi owó tí wọ́n gbà ra ilẹ̀ wọn padà. Àwọn oníṣòwò tí ó wà ní Sùúrùlérè ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì padà lọ sí ọjà Èkó, ní ìdí ilé tí ó ti di ilẹ̀ gbalasa.