Ìlù tí Òfin Dè: Ìtàn Kánífà ní Trinidad

Ẹni tó bá lọ gba ìsinmi ní erékùṣù Trinidad lásìkò Kánífà yóò gbọ́ ìlù onírin. Bí ìlù náà ṣe di onírin ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwọn Faransé olóko tó dé síbẹ̀ lẹ́yìn 1783 ló mú ayẹyẹ náà wá. Inú ilé ni wọ́n ti ń da ìbòjú bojú, tí wọ́n ń jó. Àwọn ẹrú kò ní ìpín níbẹ̀. Bí oko ìrèké bá gbiná lóru, pàṣán ni wọ́n fi ń dà wọ́n lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1838, wọ́n sọ ìyà yẹn di eré: wọ́n ń gbé ògùṣọ̀, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń fi ọ̀pá jà nígboro. Canboulay ni wọ́n pè é.

Ní 1881, Baker tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní Port of Spain láti dá eré náà dúró. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí òfin fi de ìlù. Wọ́n gé ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀ kó lè dún. Ní nǹkan bí 1940, agolo, lẹ́yìn náà àgbá epo, rọ́pò ọparun.

A kò fara mọ́ èrò àwọn kan nínú wa pé egúngún ni Kánífà. Ìsìn Ṣàngó àti Ògún ni ipasẹ̀ Yorùbá ti hàn kedere ní Trinidad.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kánífà, kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ṣì máa ń fi ìjà 1881 ṣeré ní Port of Spain.