U-505: Láti Hamburg dé Chicago

Ọgbà ìkankọ̀ Deutsche Werft ní ìlú Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti kan ọkọ̀ abẹ́ omi U-505. Oṣù Kẹfà ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n tì í sómi ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941, nígbà tó sì di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó wọ iṣẹ́ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Axel-Olaf Loewe ni ọ̀gá tó kọ́kọ́ darí rẹ̀.

Ìrìn ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kàn án fún. Ó gùn tó mítà 76, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mítà méje. Ẹ́ńjìnnì dísù méjì ló ń gbé e rìn lójú omi. Tó bá ti rì sísàlẹ̀, iná bátìrì ló kù, torí ẹ́ńjìnnì dísù kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti rí afẹ́fẹ́ fà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: bí iná bátìrì bá ti ń tán lọ, dandan ni kí ọkọ̀ náà yọrí sójú omi kó lè tún un gbà, níbi tí ojú ọ̀tá ti lè tó o. Tọ́pídò 22 ló lè kó, ihò mẹ́rin níwájú àti méjì lẹ́yìn ni wọ́n sì fi ń yìn wọ́n.

Àwa tí a wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nípìn-ín nínú ìtàn yìí, omi wa ni ó sì ti kọ́kọ́ rì ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 1942 ni Loewe kúrò ní Lorient ní ilẹ̀ Faransé, ó forí lé agbègbè Freetown, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń ti Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń péjọ. Oṣù Kẹta ó rì Benmohr àti Sydhav. Oṣù Kẹrin ó rì West Irmo ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ó rì Alphacca ti Netherlands. Ènìyàn mẹ́wàá ló bá ti West Irmo lọ, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, àwọn alágbàṣe tó ń kó ẹrù sókè-sódò nínú ọkọ̀ náà. Wọn kò bá Jámánì jà rí, owó oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń ka iye ọkọ̀ mẹ́jọ tí U-505 rì, àwọn mẹ́wàá yìí ni mo máa ń fẹ́ kó rántí.

Lẹ́yìn Loewe, nǹkan ò rọgbọ mọ́. Peter Zschech ló gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942, ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kan ju àdó olóró lù ú nítòsí Trinidad, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbúgbàù náà fi já òun fúnra rẹ̀ lulẹ̀. U-505 rá pálá padà sí Lorient. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ń dọ́gbọ́n bà á jẹ́ lábẹ́lẹ̀, bó bá ti jáde báyìí, yóò tún ṣẹ́rí padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1943, bí àdó olóró ti ń bú yí wọn ká nísàlẹ̀ omi, Zschech yìnbọn fún ara rẹ̀ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Paul Meyer, ló kó wọn délé. Harald Lange ló gba ọkọ̀ lẹ́yìn náà.

Lójú òkun, Daniel Gallery, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Guadalcanal ti Amẹ́ríkà, ti ní ohun kan lọ́kàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1944 òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rì U-515, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì mìíràn, ọkọ̀ náà sì pẹ́ díẹ̀ lójú omi kó tó lọ. Gallery wò ó pé èyí tó bá tún yọrí bẹ́ẹ̀, àwọn lè wọ inú rẹ̀ kí àwọn sì fà á lọ. Ó ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ yan àwọn tí yóò ṣe é.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni ó bọ́ sí i, ní òkun etí Sàhárà. Chatelain, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, gbúròó U-505 nísàlẹ̀, ó da àdó olóró lé e lórí. Kò pé ìṣẹ́jú méje tí ó fi yọrí. Lange fara gbọgbẹ́, ó ní kí gbogbo wọn bẹ́ sómi. Nínú àwọn atukọ̀ 59, ẹnì kan ló kú. Ìtọkọ̀ ti há, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni níbi ìdarí rẹ̀ ń yí po lójú òkun.

Albert David àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti inú ọkọ̀ Pillsbury lé e bá, wọ́n sì wọnú rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bú tàbí kó rì mọ́ wọn nígbàkígbà. Omi ti ń tú wọlé láti ojú páìpù ńlá kan tí àwọn Jámánì ṣí kí ọkọ̀ náà lè rì. Zenon Lukosius rí ìdérí rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e padà sójú páìpù, ó sì dè é pa. Lẹ́yìn náà Earl Trosino, ọ̀gá ẹ́ńjìnnì Guadalcanal, rá kòrò wọ abẹ́ àwọn ẹ́ńjìnnì tó kún fún epo, ó ń tọ páìpù kọ̀ọ̀kan lọ láti mọ ibi tó já sí. Òun ló wá yọ ẹ́ńjìnnì dísù kúrò lára ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń fà á, omi ló ń yí abẹ̀bẹ̀ náà, ìyẹn ń fi iná sínú bátìrì, bátìrì sì ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ọgbọ́n tó wú mi lórí tó ti Trosino.

Wọ́n bá àwọn ẹ̀rọ Enigma, tí Jámánì fi ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí, àti ìwé àṣírí nínú rẹ̀. Bí Jámánì bá gbọ́ fínrín, wọn yóò yí gbogbo àṣírí wọn padà, nítorí náà àwọn Amẹ́ríkà fà á lọ sí Bermuda láìjẹ́ kí ayé gbọ́. Àwọn ọmọ ogun tó mọ̀ tó 3,000, kò sì sí ẹni tó tú u síta. Wọ́n kó àwọn atukọ̀ U-505 tí wọ́n mú pa mọ́ sí Camp Ruston ní Louisiana, àwọn ẹbí wọn ní Jámánì sì gbà pé wọ́n ti kú. David gba àmì ẹ̀yẹ Medal of Honor, ṣùgbọ́n ó ti jáde láyé kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Aya rẹ̀ ni ààrẹ Truman gbé e fún.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń múra láti fi U-505 kọ́ṣẹ́ ìbọn kí wọ́n sì rì í. Ọmọ Chicago ni Gallery, òun àti arákùnrin rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà ló jà fún un. Àwọn ará ìlú dáwó jọ tó $250,000, wọ́n fà á gba odò St. Lawrence àti àwọn adágún ńlá wọ Chicago, wọ́n sì tì í kọjá títì Lake Shore Drive sẹ́gbẹ̀ẹ́ Museum of Science and Industry. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1954 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn atukọ̀ tó bá ogun òkun Àtìláńtíìkì lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ ni wọ́n ti tú lọ nígbà náà. Museum náà kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ṣe wọ́n, àwọn wọ̀nyẹn sì fi àrọ́pò ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìta ni ó wà nínú òjò àti yìnyín fún àádọ́ta ọdún, títí wọ́n fi gbé e wọ gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 2004, níbi tí àwọn àlejò ti ń wọ inú rẹ̀ dòní.