Ìjà Ọ̀rẹ̀, 1967: Kí Ló Dá Àwọn Ọmọ Ogun Biafra Padà?

Bí nǹkan bá le kọjá sísọ, Yorùbá a ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí púpọ̀ nínú wa gbà pé ìbọn tó dún ní Ọ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Odígbó, nìkan ló lé àwọn ọmọ ogun Biafra padà. Èrò tèmi ni pé Benin ni wọ́n ti pàdánù ogun náà. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni wọ́n sọdá odò Ọya sí Asaba, ọjọ́ náà gan-an ni Benin sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, láìsí ìjà kan gbòógì. Dípò kí Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá tó kó wọn wá, máa tẹ̀ síwájú, ńṣe ló fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ń wá ẹni tí yóò tì í lẹ́yìn ní Ìwọ̀ Oòrùn. Wọlé Ṣóyínká àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ tó rán sí Ìbàdàn. Ẹnu wọn kò kò lórí ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbà pé iṣẹ́ ọ̀hún dé. Ní gbogbo àsìkò yìí, Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, ń kó ọmọ ogun jọ.

Ẹni tó bá mọ oríta Ọ̀rẹ̀ yóò mọ ohun tí ìdúró yẹn ná wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Benin ti yà: ọ̀kan gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, ọ̀kan gba Òǹdó lọ sókè, òmíràn kọrí sí Òkìtìpupa. Igbó kìjikìji ló há títì mọ́ra, ìgbà òjò sì ni. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì níbẹ̀ kò rí ibi yà sí. Ojú títì ni yóò tọ̀, ojú títì náà ni ìbọn kọjú sí.

Ẹnìkan lè ní mo fẹ́ gba ògo lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó kú síbẹ̀. Rárá o. Wọ́n jà, wọ́n sì jà gidi. Ṣùgbọ́n ká ní Bánjọ kò dúró ní Benin ni, bóyá ni wọn ì bá ráyè dé oríta náà ṣáájú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀dàlẹ̀ ni Bánjọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ojukwu, olórí Biafra, gbà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Murtala Muhammed kó lẹ́yìn gba Benin padà, ọjọ́ 22 ni Biafra yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu. Bó bá tiẹ̀ dalẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ mi ló tún gbè lẹ́sẹ̀, torí ọmọ ogun Biafra tó wà nínú kòtò ní Ọ̀rẹ̀ kò mọ ìpàdé kankan tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe. Òun ló sá padà la Benin kọjá títí dé Asaba. Níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ afárá tí wọ́n gbà wá.