Omi Gbígbóná Lórí Èso Ewédú

Ṣebí gbogbo wa la mọ ewédú jẹ, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n gbìn? Èso rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kì í tètè hù, torí èèpo rẹ̀ le, ó sì ń dí omi lọ́nà. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á di èso náà sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kíá. Bó bá pẹ́ jù, ó ti jinná nìyẹn.

Omi yẹn ló ń la èèpo. Ohun tó kù di iṣẹ́ họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ewéko fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ní 1880, Charles Darwin àti Francis ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ pé ṣóńṣó gbòǹgbò ló ń darí ìyókù. Ní 1926, Eiichi Kurosawa, ará Japan, rí i pé èròjà kan láti ara olú ló ń mú ìrẹsì ga gàgàrà. Òun la wá ń pè ní gibberellin. Ní 1928, Frits Went, ará Netherlands, fi hàn pé èròjà kan ń ti orí ọ̀mùnú wá. Auxin nìyẹn.

Bí omi bá ti wọlé, gibberellin á jí oúnjẹ inú èso. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ. Bó bá dùbúlẹ̀, auxin á pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìdàgbà ibẹ̀ á falẹ̀, apá òkè á máa gùn, gbòǹgbò á sì tẹ̀ wọlẹ̀.

Ẹ má torí ẹ̀ pe èèpo lọ́tàá o. Tannin inú èèpo ẹ̀wà pupa kì í jẹ́ kí omi ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gbógun ti olú tó ń mú èso jẹrà nínú ilẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Yewa, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Ayétòrò. Ìtàn Darwin àti Went ti wà nínú ìwé. Ti omi gbígbóná ńkọ́? Ẹnu àti ọwọ́ la fi ń gbé e kiri. Bí ìyá kan ní Ìlaròó bá lọ láì fi han ọmọ, ọmọ á fọ́n èso gbígbẹ sínú ike, kò ní hù, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fóun. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn màmá wa, ká kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan iye tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó yọ aṣọ kúrò nínú omi.