Omi Ló Ń Wọn Ọkọ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní Àgọ́ Palace níhìn-ín, níbi tí àbàtà ti pọ̀, ohun tí ilẹ̀ lè gbà ni yóò kọ́kọ́ wádìí kí ó tó sọ bí ilé yóò ṣe ga tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní láti yan gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, àti bí yóò ṣe rì sínú omi tó. Ìtàn Odò Ọya fi hàn wá pé yíyàn yìí lè di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ní ọdún 1832, Macgregor Laird, ará Scotland, kó ọkọ̀ méjì wá láti fi ṣòwò lórí odò náà. Igi ni wọ́n fi kan Quorra. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 112, fífẹ̀ rẹ̀ 16. Èkejì jẹ́ 70 ní gígùn, 13 ní fífẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ onírin tí ó kọ́kọ́ la òkun kọjá. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin ọmọ ilé kéú: Alburkah, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní alùbáríkà.

Nígbà tí omi fà, Quorra há sórí iyanrìn, ó sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí omi tó kún. Ibà kò sì dáwọ́ dúró. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá ọkọ̀ méjèèjì wá, 9 péré ni kò kú.

Kí ló dé tí wọn kò kàn ṣe ọkọ̀ tí kì í rì jìnnà? Ìwọ̀n kan kì í dá dúró. Bí a bá dín rírì kù tí ẹrù kò dín, a ní láti fi kún gígùn tàbí fífẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn jù kì í tètè yí níbi tí odò ti kọ́rọ́. Èyí tó fẹ̀ jù ń jẹ agbára ẹ̀rọ. Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ òkun a máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Albert, Wilberforce àti Soudan wá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, bá wọn lọ. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń rì tó ẹsẹ̀ bàtà 6, Soudan 4. Ìdí wọn tẹ́, nítorí náà wọ́n fi pákó ńlá sí i, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ń fà sókè nínú odò. Síbẹ̀, òyìnbó tó lé ní 40 ló kú. Soudan, èyí tó kéré jù, ni ó kọ́kọ́ kó àwọn aláìsàn padà sí òkun.

Ní 1854 ni Laird pèsè Pleiad: 100 ní gígùn, 24 ní fífẹ̀. Gígùn Quorra jẹ́ ìlọ́po 7 fífẹ̀ rẹ̀. Ti Pleiad lé díẹ̀ ní ìlọ́po 4. Baikie ni olórí, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n wọlé nígbà tí omi ń kún, wọ́n ń lo kuníìnì, wọ́n sì jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Pleiad kò tóbi tó Albert. Ẹni tó pèsè rẹ̀ ti mọ omi náà, ó sì mọ àsìkò rẹ̀. Ìṣirò tí ẹ ń sá fún ní kíláàsì ni wọ́n fi ń yan irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀mí ènìyàn lè wà lórí rẹ̀.